Gìgísẹ̀ Inú Férémù

Ẹni tó bá wọ pálọ̀ Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì yìí, tó sì gbójú sókè wo ògiri, férémù mẹ́ta ni yóò rí. Ti apá òsì jẹ́ àwòrán ìgbéyàwó, nínú èyí tí ìyàwó ti ń wo ibòmíràn. Ti apá ọ̀tún jẹ́ ìwé ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì. Ti àárín ló tóbi jù, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ohun dúdú kékeré kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́, tó na ẹsẹ̀ irin méjìdínlọ́gbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ àrán pupa bí òkú ọba.

"Ṣé ọ̀kùn nìyí ni, sà?" ni àlejò kan bi í lọ́jọ́ kan.

Àlejò náà kò padà wá mọ́, nítorí ìdáhùn tó gbà lọ́jọ́ yẹn gba wákàtí méjì.

Kì í ṣe ọ̀kùn. Ṣíìpù ni, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ lè rántí ohun tí yóò ṣe. Irú tirẹ̀ yìí ní ojú: gíláàsì róbótó kan wà lórí rẹ̀, èèyàn lè yọjú wo inú rẹ̀ kó rí ohun kan tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pa á rẹ́. Tí wọ́n bá gbé e sínú àpótí tó ní iná aláwọ̀ àlùkò fún bí ogún ìṣẹ́jú, gbogbo ohun tó mọ̀ á wábi gbà, wọ́n á sì lè kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ti kọ ohun gidi sí i á fi téèpù dúdú bo ojú náà. Oòrùn pẹ̀lú ní díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àlùkò yẹn lára, díẹ̀díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹnjiníà mọ èyí. Òun ló fi kọ́ gbogbo ará ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé ṣíìpù náà sínú férémù, téèpù dúdú kò bá àrán pupa mu rárá, ó dà bí ẹni tí wọ́n di báńdéèjì mọ́ lójú. Ó yọ ọ́. "Gíláàsì ń dá ìmọ́lẹ̀ burúkú yẹn dúró," ni ó sọ fún ara rẹ̀. Òótọ́ ni, dé ìwọ̀n kan. Ìmọ̀ tó dé ìwọ̀n kan yìí ti pa ọ̀mọ̀wé púpọ̀. Òpè kì í sábà kú irú ikú bẹ́ẹ̀. Ó fi gíláàsì férémù dé e, ó gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé tààrà, kí ojú náà lè máa dán sí àlejò. Ó dán fún ọdún mọ́kànlá.

Ohun tó wà nínú ṣíìpù náà ni gìgísẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ni Ẹnjiníà ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́jọ tí wọ́n rà ní àlòkù ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ bí a ṣe ń hun ọ̀pá ìbọ̀sẹ̀: yíká, yíká, yíká, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní kókó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn kì í ṣe igi. Tí a bá dé gìgísẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dáwọ́ ìyíká dúró, kó máa lọ kó máa bọ̀, kó máa fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì tún máa kó wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àpò kékeré kan á fi yọ tí gìgísẹ̀ á jókòó sí. Ètò gìgísẹ̀ tó bá àwọn ẹ̀rọ yẹn wá burú, ihò ló ń fi sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ sì ti kógbá sílé. Ni Ẹnjiníà, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, bá jókòó fún ọdún méjì àti oṣù méje, ó kọ gìgísẹ̀ tuntun. Kò ní ihò kankan. Ó gba ẹsẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ìyá ṣe ń gba ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló.

Iṣẹ́ gidi ni, kò yẹ ká fi ṣẹ̀fẹ̀ jù. Ẹni tó ṣe é ló jẹ́ kí ó ṣòro láti má fi ṣẹ̀fẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìpàdé tí kò ti ní dìde, kó tún tàì rẹ̀ ṣe, kó ní, "Ọ̀kan ṣoṣo àjànàkú tí ń mi igbó kìjikìji." Lójú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Àjànàkú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin tó ń rán orí ìka ìbọ̀sẹ̀ pa ń pè é ní Bàbá Gìgísẹ̀. Kí ẹlòmíràn má baà jí iṣẹ́ náà kọ, ó da gọ́ọ̀mù líle bo ṣíìpù inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, débi pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ á fọ́ ọ ni. Ẹ̀dà méjì péré ló wà ní sítọ́ọ̀, pẹ̀lú téèpù dúdú àti ìfọwọ́sí rẹ̀. Ògbólógbòó ẹ̀dà, ìyá gbogbo wọn, wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì dé. Ọ̀gá àgbà, tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, dìde pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Ó gbóríyìn fún akọ̀wé, ó gbóríyìn fún awakọ̀, ó wá ní: "Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin tó kọ́ ẹ̀rọ wa ní àtẹ́lẹsẹ̀."

Àtẹ́lẹsẹ̀!

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ní, "Sà, gìgísẹ̀ ni." Àtẹ́lẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ èyíkéyìí lè hun lójú oorun! Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pín ohun mímu, ó yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó mú ẹ̀dà méjèèjì jáde ní sítọ́ọ̀, ó ṣí téèpù ojú wọn, ó tẹ́ wọn sínú àpótí iná àlùkò. Ogún ìṣẹ́jú. Ó dúró tì wọ́n pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó wá lẹ téèpù tuntun mọ́ wọn, ó fọwọ́ sí i dáadáa, ó dá wọn padà. Nígbà tó délé, ó dáná sun ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. "Wọ́n á wá mi," ló wí. "Nígbà tí wọ́n bá wá mi, wọ́n á mọ̀ bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ ni."

Wọn kò wá a. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ń wẹ̀, tí ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, tí ó ń jókòó ti fóònù láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin wọn, ó ní gìgísẹ̀ ti tó òun gẹ́ẹ́. Ọmọbìnrin wọn, tí òun fúnra rẹ̀ mú wọ ilé iṣẹ́ náà, tó sì ti fi ọdún mọ́kàndínlógún rán orí ìka ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀, ló ń mú ìròyìn wá. Mọ́tò ẹ̀rọ kan jóná. Irin òmíràn kán. Ọ̀gá àgbà kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin gorí àga. Wọ́n ń ta èyí tó bá kú fún àwọn onírin: ẹ̀rọ mẹ́jọ di mẹ́fà, mẹ́fà di méjì. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yẹn ń hun gìgísẹ̀ lọ geere, wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

Àfi ìgbà tí àrá sán ní Sátidé kan. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ta ní ń sọ̀rọ̀?" ni Ẹnjiníà bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹni náà ti hàn gàgàrà lójú fóònù. Ọ̀gá tuntun ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n "ọmọ ọ̀gá" ni Ẹnjiníà ṣì ń pè é.

"Èmi ni, sà. Àrá ti jó ṣíìpù ẹ̀rọ méjì tó kù. Atúnṣe ẹ̀rọ wa gbé ẹ̀dà sítọ́ọ̀ méjèèjì wò, wọn ò sọ nǹkan kan. Sà, àwọn tó ń ra irin ń bọ̀ ní aago mẹ́rin òní. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀ mí, mo sì ti ṣèlérí fún wọn. Tí gìgísẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, màá dá wọn padà, a ó kọ ọ́ sí ṣíìpù tuntun, iṣẹ́ á máa lọ. Tí ò bá sí, mi ò lè máa ta ọ̀pá fún ẹni tó ní ẹsẹ̀. Obìnrin mẹ́tàlá ló ń jẹun níbẹ̀, sà. Ẹ mọ̀ pé ọmọ yín wà nínú wọn."

Inú Ẹnjiníà dùn débi pé ó dìde dúró. Ó mọ ìdí tí ẹ̀dà sítọ́ọ̀ kò fi sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ orí ni," ló wí. "Ẹ̀dà a máa darúgbó. Ẹ dúró ná, kí n wo ètò ọjọ́ mi." Ó mú kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ṣí i gbàrà-gbàrà sétí fóònù. "Ó dà bí ẹni pé mo lè rí àyè."

Nígbà tó gbé férémù kúrò lára ògiri, ó ṣẹ́jú. Ní ibi tí férémù ti bo ògiri, ọ̀dà ògiri náà jẹ́ búlúù rírẹwà, bí ọjọ́ tí wọ́n kùn ún. Gbogbo ibi tó kù lára ògiri ti ṣá, ó ti di àwọ̀ eérú. Ó dúró, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ó yẹ kí òun wá akunlé. Ó yọ ṣíìpù náà, ó fi àrán pupa wé e, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó jáde.

Aago mọ́kànlá ló dé ilé iṣẹ́. Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá jókòó lórí àpótí wọn láìṣe nǹkan kan, bí ẹni ń dúró de dókítà. Bí wọ́n ṣe rí i, ariwo sọ.

"Bàbá Gìg… Àjànàkú! Ẹ káàbọ̀ o!"

"Ẹ wo bó ṣe gbé e mọ́yà bí ọmọ tuntun."

"Ọmọ tuntun wo? Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ò tíì rìn?"

"Báwo ló ṣe fẹ́ rìn? Gìgísẹ̀ nìkan ló ní, kò ní ẹsẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ga ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ọmọ rẹ̀ dìde láàárín wọn. Ó jọ ìyá Ẹnjiníà bí ìmumu. Nítorí náà ni bàbá rẹ̀ ṣe ń pè é ní Ìyá mi láti kékeré.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá mi." Kò tíì jẹun.

Ọmọ náà sún mọ́ ọn, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ti fẹ́ máa di ẹrù wọn láti àárọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dì í. Mo ní bàbá mi ń bọ̀."

Ẹnjiníà fọwọ́ kàn án léjìká, bí olóyè tó ń súre fún ará ìlú, ó wọ yàrá iṣẹ́ lọ.

Atúnṣe ti ń dúró dè é níbẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà yẹn, ó máa ń lẹ téèpù mọ́ ojú ṣíìpù ní ìlọ́po mẹ́ta, Ẹnjiníà a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, a máa pè é ní Ìyá Alátéèpù. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ó tẹ́wọ́ gba ìdì àrán náà, ó tú u. Ó wo ojú ṣíìpù tó wà ní ìhòòhò.

"Sà, téèpù ẹ̀ ńkọ́?"

"Inú férémù ni ṣíìpù náà wà. Gíláàsì ló dé e."

"Níbo ni férémù wà, sà?"

"Ní pálọ̀ mi. Lára ògiri."

"Ṣé oòrùn ń débẹ̀?"

"Oòrùn inú ilé ni."

"Ṣé oòrùn inú ilé yàtọ̀ sí ti ìta ni, sà?" Kò fi ṣe ẹ̀gàn. Ó béèrè bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń bi ọ̀gá rẹ̀, èyí ló sì jẹ́ kó dun Ẹnjiníà.

"Ìwọ kà á. Èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń kà á."

Ọ̀gá tuntun wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ẹnjiníà dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin tó kù sì na ọrùn. Atúnṣe fi ṣíìpù náà sínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń kà á, ó pa ìdè rẹ̀ dé, ó tẹ bọ́tìnnì kan lórí kọ̀ǹpútà. Iná kékeré kan tàn. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà, ìlà lórí ìlà.

Lẹ́tà F ni. F méjì, àlàfo, F méjì, àlàfo, F méjì. Atúnṣe tẹ bọ́tìnnì kí ojú ìwé lè sún sókè. F. Ó tún tẹ̀ ẹ́. F. Ó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi dé ìdí rẹ̀ pátápátá, ibi ìkọ̀wé tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n. Kò sí lẹ́tà mìíràn níbẹ̀.

"Kí ló ní?" ni Ọ̀gá béèrè. "Ó kúkú kún."

Atúnṣe wo Ẹnjiníà, bóyá òun ló máa fẹ́ dáhùn. Ojú kọ̀ǹpútà ni Ẹnjiníà ń wò.

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mà," ni Atúnṣe wí. "Tí wọ́n bá pa á rẹ́, kì í di òdo. Gbogbo ẹ̀ ló ń padà di ọ̀kan; ọ̀kan mẹ́rin tó tẹ̀ léra ni kọ̀ǹpútà ń kọ bí F. Ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan, títí dé òpin. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é jáde nílé iṣẹ́ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan sí i."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló dọ̀tí," ni Ẹnjiníà wí. "Nu ẹsẹ̀ ẹ̀."

Ó nu ẹsẹ̀ méjèèjìdínlọ́gbọ̀n, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Ó tún kà á. F.

"Ẹ̀rọ ìkàwé yín ló bà jẹ́."

Ó mú ṣíìpù mìíràn tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó kà á, nọ́ńbà oríṣiríṣi tò wálẹ̀ bí èèrà. Ó yọ ìyẹn, ó dá ti Ẹnjiníà padà. F. Ẹnjiníà tún ní kó dín iná rẹ̀ kù. Ó dín in kù. Ó ní kó yọ ọ́, kó tún un fi sí i. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Ẹnjiníà ò sọ pé kó ṣe nǹkan kan mọ́. Ó fà sẹ́yìn, ó wá àga, ó jókòó. Ní ọkàn rẹ̀, ògiri búlúù yẹn ló ń rí.

Ọ̀gá fà mọ́ àga rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní. Ṣé ẹ lè tún un kọ? Tí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan pàápàá, mo lè bẹ àwọn onírin. Ẹ kàn fi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ hàn mí kí n lè rí nǹkan sọ fún wọn."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ jù," ni Ẹnjiníà wí. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Kò tíì bá ara rẹ̀ gbìmọ̀.

Wọ́n gbé tábìlì sí i níwájú, wọ́n kó bébà àti pẹ́ńsùlù fún un, wọ́n mú ìbọ̀sẹ̀ kan wá tí ẹ̀rọ hun kẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé, kó lè máa wò ó. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó kọ "Gìgísẹ̀" sókè bébà, ó fa ìlà sí i nídìí, ó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, ó dúró.

Ó rántí ọjọ́ tí gìgísẹ̀ àkọ́kọ́ jáde láìní ihò. Ó rántí ẹni tó dúró lápá ọ̀tún, ẹni tó dúró lápá òsì, tàì tí òun wọ̀. Ó rántí pé Ọ̀gá àgbà bọ òun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun sọ ní gbogbo ìpàdé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mélòó ni ẹ̀rọ ń fi sílẹ̀ kó tó yí padà? Apá wo ló kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀? Kí ni ọgbọ́n kékeré yẹn, tí òun rí lẹ́yìn ọdún méjì, tó dí ihò náà? Ó wá a títí. Ọdún tó fi ń sọ ìtàn gìgísẹ̀ ti jẹ gìgísẹ̀ fúnra rẹ̀ tán. Ó kọ nọ́ńbà kan, ó fa igi lé e. Ó kọ òmíràn. Ní aago méjì kọjá, bébà náà ní àkọlé, ìfọwọ́sí, àti nọ́ńbà mẹ́rin tí ó ti fa igi lé gbogbo wọn.

Ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó gbé àpótí kékeré kan láti sítọ́ọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀dà méjèèjì sì wà nínú rẹ̀. Atúnṣe rí i, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé e sílẹ̀," kíákíá, bí ẹni fẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Àmọ́ ó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, mo ti rò ó. Tilé yẹn, oòrùn ló pa á, ó ti yé mi. Kò sẹ́ni tí ò lè ṣàṣìṣe. Àmọ́ ẹ wo méjì yìí. Téèpù wà lójú wọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kékeré pé tí téèpù bá ti wà níbẹ̀, ogún ọdún ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Inú òkùnkùn sítọ́ọ̀ ni wọ́n tún wà. Ẹ ní kó tún wọn kà dáadáa. Oòrùn wo ló rí wọn?"

Atúnṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà kan tí kò tú. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà wo Atúnṣe, ó wo Ọ̀gá, ó wá rí i pé àwọn méjèèjì ti mọ̀ ṣáájú òun, wọ́n kàn ń fi í pamọ́ fún òun ni. Ó gbé ọ̀kan nínú ṣíìpù náà súnmọ́ ojú. Ìfọwọ́sí bàbá rẹ̀ ló wà lórí téèpù, pẹ̀lú déètì. Ó ka déètì náà jáde.

"Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì yín nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n rẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí wọ́n lè wá yín."

"Wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀," ni Ẹnjiníà wí. "Níwájú gbogbo èèyàn. Ọdún méjì àti oṣù méje, wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi sì wà níbí. Ọdún kẹjọ mi nìyẹn níbí, Bàbá mi. Ẹ mọ̀ pé mo wà níbí."

Ẹnjiníà fẹ́ sọ pé òun kò rò ó débẹ̀. Òótọ́ sì ni, kò rò ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé èyí burú ju kí òun rò ó lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

Ọmọ rẹ̀ dá ṣíìpù náà padà sínú àpótí, ó dé e, ó jáde. Láìpẹ́, Ẹnjiníà gbọ́ ohùn rẹ̀ ní yàrá ńlá, kò ga, kò sì wálẹ̀: "Ẹ máa dì í."

Kò sẹ́ni tó bú u, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń retí rẹ̀. Ìbá sàn kí wọ́n bú u. Àwọn obìnrin náà ń kó sísọ́ọ̀sì, tìmùtìmù àga àti ife tíì wọn sínú àpò. Ọ̀kan ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má gbàgbé agboòrùn rẹ̀. Òmíràn ní òun gbọ́ pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń di bisikíìtì, àmọ́ àwọn ọmọ ogún ọdún ni wọ́n ń gbà. "Ẹ̀yin náà ẹ di ọmọ ogún ọdún," ni ẹnìkan wí. Wọn kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n to ara wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ Ẹnjiníà sì wà láàárín wọn, ó bá ẹnìkan fa ẹrù. Kò bojú wẹ̀yìn. Ẹnjiníà pè é, "Ìyá mi," ṣùgbọ́n ó pè é bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, wọn kò sì gbọ́.

Ọ̀gá kí i, ó ní ó dàbọ̀, sà, ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Atúnṣe nìkan ló kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. Ẹnjiníà kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí obìnrin náà ń tọrọ ìdáríjì fún.

Àwọn onírin dé kí aago mẹ́rin tó lù. Ọkùnrin mẹ́rin ni, pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá àti okùn. Wọ́n fi òòlù gba bóòtù tó de ẹ̀rọ àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ó fò. Wọ́n tì í dé ẹnu ọ̀nà, ibi tí Ẹnjiníà dúró sí nínú kóòtù rẹ̀. Àyè há.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di etí ibẹ̀ mú."

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ó wá na ọwọ́, ó di etí ẹ̀rọ náà mú. Irin náà tutù. Àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ tò yíká bí eyín, òwú funfun kékeré kan ṣì rọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn.

"Ó mà wúwo o," ni ọ̀kan nínú wọn wí bí wọ́n ṣe ń gbé e gòkè. "Kí ni irin yìí tiẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀, Bàbá?"

Wákàtí méjì ọ̀rọ̀ ló kún inú Ẹnjiníà, pẹ̀lú gbogbo ibi tí ó ti yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yanu.

"Ìbọ̀sẹ̀," ló wí.

"Haà." Ọkùnrin náà nu òógùn ojú rẹ̀. "Ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀, Bàbá. Ó ku ọ̀kan."

Ó sún sọ́tùn-ún.